Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò: bí a ṣe ń sáré ìje láìwọ bàtà kí àkókò ẹni lè dín kù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní èèyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Àádọ́ta ìṣẹ́jú lèmi ń lé. Mo fẹ́ sá kìlómítà 10 láìwọ bàtà kí aago tó ka 50:00, ní ọjọ́ orí tí àwọn ọmọ mi ti ń bi mí pé ṣé n ò ní jókòó ni. Mo sá a ní 49:38. Èyí tó yá jù tí mo ti sá rí ṣáájú ìgbà náà, pẹ̀lú bàtà tó dáa lẹ́sẹ̀ mi, 51:10 ló jẹ́. Báwọn èèyàn bá gbọ́ báyìí, wọ́n á ní àṣé bàtà ló ń fà mí sẹ́yìn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó bá gbà pé bíbọ́ bàtà nìkan ló ń mú eré yá, ilé ìwòsàn ni yóò ti parí ìdíje rẹ̀.

Ẹ wo Abebe Bikila, ọmọ Ethiopia. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, ó sá marathon Òlíńpíìkì ní Róòmù láìwọ bàtà, ó gba góòlù ní 2:15:16.2, kò sì sẹ́ni tó tíì sá a yára tó bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà náà. Nígbà tó tún gba góòlù ní Tokyo lọ́dún 1964, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, 2:12:11.2 ló sì sá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ó lé ló fi yára ju ti Róòmù lọ. Zola Budd náà, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹlẹ́sẹ̀ lásán, sá mítà 5,000 ní 14:48.07 lọ́dún 1985, obìnrin kankan kò sì tíì sá a yára tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Nítorí náà, ẹsẹ̀ lásán lè sáré, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í bùn yín ní ìṣẹ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Lóòótọ́, bàtà wúwo: bí ẹ bá so gíráàmù 100 mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, agbára tí ẹ ó fi sáré á fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Àmọ́ bí ẹ bá bọ́ bàtà, iṣan ẹsẹ̀ yín ló máa wá ṣe iṣẹ́ tí tìmùtìmù inú bàtà ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìyẹn náà sì ń jẹ agbára. Ohun tí ẹ jèrè níbí, ẹ ó ná an lọ́hùn-ún. Ti àwọn bàtà ìgbàlódé tí wọ́n fi awẹ́ carbon, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ kan tó le tó sì fúyẹ́, sí nínú, ẹ má wulẹ̀ bá wọn jiyàn, wọ́n ń sáré.

Níbo wá ni ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tèmi ti wá? Ibi méjì ni. Àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ lásán kọ́ mi ní ìṣísẹ̀ tí bàtà ò kọ́ mi. Ìkejì, mo yan ọ̀nà tí mo máa sá. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì, ọ̀nà ni màá mú, tìdùnnú-tìdùnnú.

Ẹ yan ọ̀nà kí ẹ tó yan ìdíje

Bí ẹni tó ń wọ bàtà bá fẹ́ yan ìdíje, òkè ló máa ń béèrè: ṣé òkè pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn? Ẹ̀yin, ojú títì ni kẹ́ ẹ béèrè. Ọ̀dà tí wọ́n tẹ́ dáadáa, tó dì, tó sì dán, ló dára jù. Kọnkéré tó dán náà dára, bó tilẹ̀ le bí ó ti le. Òkúta tí wọ́n tò sílẹ̀ láyé àtijọ́, tí ẹsẹ̀ àti táyà ti fọ̀ títí tó fi ń dán, kì í dun ẹsẹ̀ tó bí ojú ṣe ń rò ó. Èyí tó burú jù ni títì tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sórí ọ̀dà tútù, tí wọ́n kàn fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí orí òkúta kọ̀ọ̀kan sì yọ síta. Lórí irú títì bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ á máa bẹ̀rù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń bẹ̀rù ilẹ̀, èjìká rẹ̀ á lọ sókè, àgbọ̀n rẹ̀ á le, mímí rẹ̀ á kúrú, gbogbo agbára tó yẹ kó fi lọ síwájú á wá di èyí tó fi ń ṣọ́ra. Ní tèmi, irú ilẹ̀ yẹn ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 15 lọ́wọ́ mi ní kìlómítà kan. Ẹ fi mẹ́wàá sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé ìdánrawò wo ni yóò san gbèsè yẹn padà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé pápá ìsáré onírọ́bà tó jẹ́ mítà 400 ni párádísè ẹlẹ́sẹ̀ lásán. N ò gbà. Ojú rọ́bà yẹn ń ha, ní igun pàápàá, oòrùn sì ń mú un gbóná kíákíá. Mítà 5,000 jẹ́ ìyípo 12 ààbọ̀. Kí ẹ tó parí rẹ̀, awọ abẹ́ àtàǹpàkò yín ti sọ ohun tó ní í sọ.

Bí mo ṣe ń dán títì wò nìyí. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀ bí ẹni ń nu tábìlì. Bí ọwọ́ bá ń lọ geerege, mo lè sá ibẹ̀ bí mo ṣe fẹ́. Bó bá ń ha mí díẹ̀, mo lè sá ibẹ̀ fún bíi kìlómítà kan láìbínú. Bó bá ń mú mi lọ́wọ́, mo wá ìdíje mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, màá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e, màá ka oókan títí dé ẹẹ́wàá. Bí n kò bá lè gbé e síbẹ̀ títí n ó fi kà á tán, ilẹ̀ yẹn ti gbóná jù. Wákàtí tí ìdíje máa bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ dán an wò, torí títì aago méje àárọ̀ àti títì aago mọ́kànlá kì í ṣe títì kan náà. Ìdíje tó ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù ni mo máa ń forúkọ sílẹ̀ fún. Ti Bikila ní Róòmù, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ sì ti ṣú kí ó tó dé òpin, ní abẹ́ ẹnu ọ̀nà òkúta Constantine.

Bí ibẹ̀ bá jìnnà sí yín, ẹ ṣí Google Street View, ìyẹn àwòrán ojú títì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé ọ̀nà ìdíje náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún tí wọ́n ya àwòrán náà máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, torí wọ́n lè ti tún títì náà ṣe, ó sì lè ti bàjẹ́. Ohun tí mò ń wá níbẹ̀ ni ibi tí àwọ̀ títì ti yí padà, torí ibi tí àwọ̀ bá ti yí, ojú ilẹ̀ ti yí. Mo tún ń wá igun. Ìdíje tó ní kí èèyàn sáré lọ bá kóònù kan ní àárín títì, kó yí i ká, kó padà síbi tó ti ń bọ̀, ń bó awọ. Ìyípo gbọọrọ, tí igun rẹ̀ kò mú, ló dáa, pàápàá èyí tí a ó yí po lẹ́ẹ̀mejì: nígbà kejì, ẹ ti mọ ibi tí gbogbo ihò àti àfọ́kù wà.

Bikila náà kò ṣàdédé sá ti Róòmù. Òun àti kóòṣì rẹ̀, Onni Niskanen, ti lọ wo ọ̀nà náà ṣáájú, wọ́n sì ti mú ibi tí yóò ti já àwọn yòókù sílẹ̀: itòsí ọ̀wọ̀n òkúta Axum tí àwọn ará Ítálì kó lọ láti Ethiopia. Kò jìnnà sí òpin eré mọ́. Ibẹ̀ ló ti fi Rhadi Ben Abdesselam ti Mòrókò sílẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 25 ló sì fi ṣáájú rẹ̀ dé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nípa ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lásán kì í sábà mọ̀. Bí wọ́n bá ń wọn ọ̀nà ìdíje lọ́nà tó bófin mu, ọ̀nà tó kúrú jù ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n á máa gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí etí igun, wọ́n á sì fi mítà kan lé kìlómítà kọ̀ọ̀kan kí ọ̀nà má bàa kúrú. Ẹni tó bá fẹ́ àkókò tó dáa, etí igun yẹn náà ló yẹ kó gbà. Ṣùgbọ́n etí títì ni pàǹtírí ń kó jọ sí: àfọ́kù ìgò, wáyà, òkúta wẹ́wẹ́. Kí la ó ṣe? Ìṣirò ni kẹ́ ẹ ṣe. Bí ẹ bá ń sá kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún, mítà kan jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ẹ bá ya kúrò ní etí títì débi tí ẹ fi fi mítà mẹ́wàá kún ọ̀nà yín, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lẹ ná. Òkúta kan lábẹ́ gìgísẹ̀ á ná yín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń gba etí igun tó mọ́, mo sì máa ń fi èyí tó dọ̀tí sílẹ̀ láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn olùṣètò bóyá wọ́n ní òfin tiwọn. Òfin World Athletics, àjọ tó ń ṣàkóso eré sísá lágbàáyé, gba èèyàn láyè kó sá láìwọ bàtà, kódà ó gbà á láyè kó wọ bàtà sí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo (n ò tíì rí ẹni tó ṣe é rí, mo sì fẹ́ rí i). Ẹ béèrè ibi tí chip tó ń ka àkókò máa wà pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ ara nọ́ńbà àyà ló wà, ó tán. Bó bá jẹ́ okùn bàtà ni wọ́n ní kí ẹ so ó mọ́, ẹ wá bẹ́líìtì aṣọ kékeré tí ẹ ó fi dè é mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti fi sáré ṣáájú ọjọ́ náà kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń ha yín.

Ẹsẹ̀ tó ṣe tán

Kí n tó tẹ̀ síwájú: bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ tó ti ń mú ẹsẹ̀ yín kú tipiri, tàbí ohunkóhun mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ mọ ìgbà tí nǹkan bá gún yín lẹ́sẹ̀, eré yìí kì í ṣe tiyín. Ẹ wọ bàtà. Ẹ̀yin tó kù, ẹ rí i dájú pé abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì yín kò tíì gbó.

Awọ ló ń kọ́kọ́ gbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á ti nípọn, á sì máa dán. Kì í le gbagidi bí àwọn kan ṣe ń rò. Iṣan ẹ̀yìn ojúgun ló tẹ̀ lé e. Iṣan tó so mọ́ gìgísẹ̀ àti àwọn eegun gígùn tó wà lẹ́yìn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ń gbẹ́yìn, oṣù ni tiwọn, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà: awọ á ní òun ti ṣe tán, èémí á ní kò séwu, eegun ṣì wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá fa eegun yẹn lọ tipátipá, ó lè sán. Ìrora iṣan tó wà ní ẹ̀yìn ojúgun méjèèjì, tó ń lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrora tó wà lójú kan lórí ẹsẹ̀, tí ẹ lè fi ìka kan tọ́ka sí, tó ń pọ̀ sí i bí ẹ bá ń sáré, ẹ dúró lọ́jọ́ náà gan-an kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìrìn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa rìn láìwọ bàtà níta lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ní òpin eré tí ẹ wọ bàtà sá, ẹ bọ́ bàtà, ẹ gbé e dání, kí ẹ fi ẹsẹ̀ lásán sá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ sinmi lọ́jọ́ kejì. Orí ilẹ̀ líle tó dán ni kẹ́ ẹ ti kọ́ ọ, kì í ṣe orí koríko. Mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn á sọ pé koríko rọ̀. Òótọ́ ni, ó rọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ní sọ fún yín pé ẹ ń lu gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sì ń bo àfọ́kù ìgò. Ilẹ̀ líle kì í gbà bẹ́ẹ̀. Láti ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn dé kìlómítà 10 tí ẹ ó fi gbogbo agbára sá, ẹ fún un ní ìdajì ọdún, ó kéré tán. Bí ẹ̀rù ìdajì ọdún bá ń bà yín, kìlómítà 5 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé.

Ẹ gbé ẹsẹ̀, ẹ má ti ilẹ̀

Tí ẹ bá ń sá kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tí ẹ sì ń gbé ìṣísẹ̀ 180 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣísẹ̀ 9,000 lẹ ó gbé kí kìlómítà 10 tó parí. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á kan ilẹ̀ nígbà 4,500. Àṣìṣe kékeré tí bàtà ń bò mọ́lẹ̀, ẹ ó ṣe é nígbà 4,500 lórí awọ yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹsẹ̀ lásán kọ́ mi ní ìṣísẹ̀.

Lọ́dún 2010, Daniel Lieberman ti Yunifásítì Harvard àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn tí kì í wọ bàtà sáré látilẹ̀wá sábà máa ń fi iwájú ẹsẹ̀ balẹ̀, àti pé irú ìbalẹ̀ yẹn kì í mú ìgbájú òjijì tí gìgísẹ̀ ń gbà wá. Èyí ti mú kí àwọn kan máa sáré lórí ọmọ ìka bí ẹni tó fẹ́ jalè. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Iwájú ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ kan ilẹ̀, gìgísẹ̀ á sì rọra fara kàn án lẹ́yìn rẹ̀. Bí gìgísẹ̀ kò bá sọ̀ kalẹ̀ rárá, iṣan ẹ̀yìn ojúgun á gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ balẹ̀ sábẹ́ ara, kì í ṣe síwájú ara. Orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, ọmọ ìka á tú sílẹ̀.

Ìṣísẹ̀ kúkúrú tó yára ló ń mú gbogbo ìyẹn ṣeé ṣe. Ẹ ka ẹsẹ̀ òsì fún 20 ìṣẹ́jú-àáyá: tó bá kan ilẹ̀ nígbà 30, ẹ ti wà ní 180. Kì í ṣe òfin. Ẹni gíga lè dín in kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń kan ilẹ̀ nígbà 26, ẹ ti ń na ẹsẹ̀ síwájú jù.

Ẹ máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín. Bó bá ń dún pàá, pàá, ẹ ń lu ilẹ̀ ni. Ohun tí à ń wá ni fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀. Níbi ìdíje, ó ti máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kan kó fò sókè nítorí pé kò gbọ́ bí mo ṣe ń bọ̀. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn.

Ẹ̀kọ́ tó dáa jù kò sí lọ́dọ̀ kóòṣì kankan, abẹ́ ẹsẹ̀ yín ló wà. Bí ẹ bá sáré tán, ẹ jókòó, ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ sókè, ẹ kà á. Bí omi bá kó sábẹ́ awọ àtàǹpàkò, ẹ ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ sẹ́yìn dípò kí ẹ gbé e kúrò nílẹ̀. Bó bá jẹ́ gìgísẹ̀ ló pupa, ẹ ń balẹ̀ síwájú ara. Bó bá jẹ́ orí ọmọ ìka ló ń ta yín, ẹ ń fi wọ́n ha ilẹ̀. Ẹ tú wọn sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá bó tí èkejì kò bó, ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ títì tó dagẹ̀rẹ̀ lẹ máa ń sá nígbà gbogbo. Ẹ bọ́ sí àárín tàbí ẹ yí ẹ̀gbẹ́ padà, níbi tí ọkọ̀ kò bá sí. Ẹsẹ̀ kì í bó nítorí pé ó sá jìnnà. Ó ń bó nítorí pé ohun kan ń fà lórí ilẹ̀, gbogbo ohun tó bá sì ń fà ń dín eré yín kù. Nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi kò ní àmì kankan mọ́ lẹ́yìn eré líle ni mo mọ̀ pé 50:00 ti sún mọ́lé.

Ọ̀sẹ̀ ìdánrawò

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èémí kò mọ̀ bóyá ẹ wọ bàtà tàbí ẹ kò wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ wọ bàtà sá èyí tó pọ̀ jù nínú kìlómítà yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣẹ̀sín. Lọ́sẹ̀, mo ń sá lẹ́ẹ̀mejì láìwọ bàtà: ọ̀kan jẹ́ eré wọ́ọ́rọ́wọ́ tó gùn, èkejì jẹ́ eré líle, 20 ìṣẹ́jú ní ìwọ̀n tí mo lè sọ̀rọ̀ gbólóhùn kan ṣoṣo kí n tó mí, tàbí mítà 400 tí mo sá tí mo sinmi, tí mo tún sá. Ojú títì dídán ni mo ti ń ṣe mítà 400 yìí. Ìwọ̀n eré tí ẹ fẹ́ sá lọ́jọ́ ìdíje ni kí ẹsẹ̀ lásán mọ̀ lórí, torí pé ìwọ̀n yẹn ló ń fa awọ, kì í ṣe ti wọ́ọ́rọ́wọ́.

Eré gígùn tó kẹ́yìn láìwọ bàtà gbọ́dọ̀ parí ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìdíje. Awọ náà ń gbó, ó sì ń fẹ́ àkókò láti tún nípọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá náà, bàtà ni, àfi mítà 100 mélòó kan láìwọ bàtà kí ẹsẹ̀ má bàa gbàgbé. Ẹ gé èékánná, ẹ fi òkúta ìfọsẹ̀ ha ibi tí etí awọ bá ti le, torí etí yẹn ló máa ń ya.

Ọjọ́ ìdíje

Ẹ má fi ìpara kankan pa àtẹ́lẹsẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Yanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi sálúbàtà rìn títí ó fi ku ìṣẹ́jú díẹ̀, torí ibi tí èrò kó jọ sí ni ìdérí ìgò àti pín-ìn-nì máa ń pọ̀ sí jù. Bí òtútù bá mú débi pé ẹ kò mọ ọmọ ìka yín lára lẹ́yìn tí ara ti gbóná, bàtà ni kẹ́ ẹ wọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ìtìjú níbẹ̀: ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan lára kò lè kìlọ̀ fún yín. Bí òjò bá rọ̀, awọ á rọ̀, á sì yá láti bó. Ẹ dín eré kù ní igun, ẹ má sì tẹ ìlà funfun ojú títì, ó ń yọ̀. Bó bá jẹ́ oòrùn ló mú, ìlà funfun yẹn kan náà ló tutù jù lójú títì, orí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wà.

Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má dúró sí àárín èrò. Bàtà ẹlòmíràn lórí àtàǹpàkò yín lè parí ìdíje náà kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ò sì ní rí ilẹ̀ láàárín èrò. Bí chip bá ń ka àkókò yín láti ìgbà tí ẹ kọjá ìlà, kò sí ohun tí ẹ pàdánù bí ẹ bá jẹ́ kí àwọn ará iwájú lọ díẹ̀. Ojú yín gbọ́dọ̀ wà ní ilẹ̀ tó wà ní mítà márùn-ún sí mẹ́wàá níwájú. Ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti pẹ́ jù.

Mo bẹ àbúrò mi ọkùnrin kó dúró sí kìlómítà 6 pẹ̀lú bàtà mi. Nígbà tó rí mi, ó ké pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n jù ú sí yín?” Mo mi orí. Ṣùgbọ́n pé ó wà níbẹ̀ jẹ́ kí n lè sá kìlómítà mẹ́fà àkọ́kọ́ láìronú nípa ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ẹ wá ẹnì kan bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe pín eré náà nìyí. Kìlómítà àkọ́kọ́: 5:06. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fà á, torí inú èrò ni mo wà, ojú mi kò sì tíì bá ilẹ̀ mu. Lẹ́yìn ìyẹn: 4:59, 4:59, 4:58, 5:00. Ìdajì àkọ́kọ́ jẹ́ 25:02, aago sì ń sọ pé mo ti wà lẹ́yìn. N kò dá a lóhùn, nítorí mo ti rin ọ̀nà náà, mo mọ̀ pé kìlómítà méjì tó kẹ́yìn ló dán jù. Kìlómítà 6 jẹ́ 4:59, ìkeje 4:58. Nínú ìkẹjọ, bíi mítà 300 wà tí òkúta rẹ̀ yọ síta. Níbẹ̀, mo gé ìṣísẹ̀ kúrú sí i, mo tú èjìká sílẹ̀, mo jẹ́ kí àwọn tí mo ti kọjá tún kọjá mi. 5:01. Ẹni tó bá bá irú ilẹ̀ yẹn jà, á borí fún mítà 300, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa ta á títí dé òpin. Nígbà tí ọ̀dà dídán bẹ̀rẹ̀, mo sá 4:54, mo sì sá èyí tó kẹ́yìn ní 4:44. Ìdajì kejì: 24:36.

Nínú ìsọ̀kalẹ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀ ṣe bíréèkì. Ibẹ̀ ni awọ ń lọ. Ìṣísẹ̀ tó kúrú gan-an, tó yára gan-an, kí ilẹ̀ máa gbé yín lọ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ nǹkan tó mú, ẹ má dúró láti wò ó bí ẹ bá ṣì lè gbé ẹsẹ̀ náà lélẹ̀ dáadáa. Ẹ gbé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i kẹ́ ẹ tó pinnu. Èyí tó pọ̀ jù máa ń já bọ́ fúnra rẹ̀. Bó bá ṣì ń gún yín lẹ́yìn mẹ́wàá, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yọ ọ́, nítorí pé bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, orúnkún ni yóò san owó rẹ̀.

Lẹ́yìn ìlà òpin

Sálúbàtà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè fún, kì í ṣe fọ́tò. Ẹ lọ fi omi àti ọṣẹ fọ ẹsẹ̀, ẹ tàn iná sí i, kí ẹ fi ẹ̀mú kékeré yọ ohunkóhun tó bá wọlé. Àfọ́kù ìgò kéékèèké kì í dùn yín títí di ọjọ́ kejì. Bí aago ọwọ́ yín bá ka 10.08, ẹ má bá àwọn olùṣètò jà, aago ọwọ́ kì í tẹ̀ lé etí igun bí ẹni tó wọn ọ̀nà ṣe tẹ̀ lé e. Àkókò chip ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Bí omi bá kó sábẹ́ awọ, tí kò sì dùn yín, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, bàtà ni. Ibikíbi tó bá ṣì pupa lẹ́yìn ọjọ́ kejì, tó sì ń gbóná, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún òmíràn.